Ọ̀bẹ Inú Ẹ̀rọ Arúngi

Ọ̀bẹ náà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Ṣùkúrátù, ó já lu simẹ́ńtì, ó sì dá sí méjì.

Kò tẹ̀. Kò ta padà sókè bí irin ṣe máa ń ta. Ńṣe ló fọ́ bí àwo tánńganran, ìró rẹ̀ sì mú débi pé eyín kan Ṣùkúrátù. Ó dúró lẹ́yìn káńtà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà síwájú níbi tí ọ̀bẹ ti bọ́, ó ń wo abala méjèèjì nílẹ̀. Ojú ibi tó ti dá rí wúruwùru, ó sì ń dán bí iyọ̀.

Nígbà náà ló rántí Àmọ̀sù.

Kò tíì pẹ́ tí Àmọ̀sù kúrò níwájú káńtà yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló wá, nígbà tí àwọn olùtajà inú ọjà Grand Marché ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká tapólì kúrò lórí ọjà wọn. Ọkùnrin tó ti ń hewú ni, bàbá rẹ̀ wà lára àwọn Yorùbá tí wọ́n lé kúrò ní Gánà tí wọ́n sì wá tẹ̀dó sí ìlú Bouaké. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń darí ẹ̀rọ ńlá kan tó ń rún igi kajú wẹ́wẹ́, ní ọgbà ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n ń pè ní N'Goran, lójú ọ̀nà Brobo. Àwọn tó ń sin adìyẹ ló ń ra igi tí wọ́n bá rún náà, wọ́n ń tẹ́ ẹ sábẹ́ adìyẹ wọn. Ọ̀bẹ méjì tó wà nínú ẹ̀rọ náà ti jẹ tán. Àmọ̀sù fi àpò ìdọ̀họ wé ọ̀kan nínú wọn wá, kí Ṣùkúrátù lè fi wọn ìwọ̀n èyí tó máa rọ́pò rẹ̀.

Ṣùkúrátù gbé oríṣi mẹ́ta jáde fún un, ó tò wọ́n sórí káńtà.

Tòkunbọ̀ ni àkọ́kọ́. Ara ẹ̀rọ tí wọ́n tú ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti yọ ọ́. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, wọ́n sì ti pọ́n ọn títí ó fi tín-ín-rín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè bá irin rẹ̀ jà. Owó rẹ̀ ló le. Èkejì ni èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ àdúgbò Koko fi sípíríìn ọkọ̀ akẹ́rù rọ. Ó lágbára, kò wọ́n, àmọ́ ihò bóòtù rẹ̀ kì í ṣe déédéé, ọ̀kan sì máa ń wúwo ju èkejì lọ, ẹ̀rọ á wá máa gbọ̀n bó ṣe ń yí. Ẹ̀kẹta ni tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abidjan dé nínú páálí. Bébà olóróòró ni wọ́n fi wé e. Ó ń kọ mànà bíi dígí, ihò rẹ̀ ṣe géé, ó fẹ̀, ó nípọn, owó rẹ̀ ò sì tó ti tòkunbọ̀ rárá.

Àmọ̀sù gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wọn ìwúwo wọn lọ́wọ́. Ó fi èékánná àtàǹpàkò ra ẹnu wọn. Lẹ́yìn náà ló wo ojú Ṣùkúrátù.

"Ìyá Ruqoyyah, ká ní tiyín ni ẹ̀rọ yìí, èwo lẹ máa mú?"

Ṣùkúrátù ò tilẹ̀ dánu dúró.

"Tuntun yìí ni. Ẹ wo ara rẹ̀, Bàbá Najeem. Ẹ ó pọ́n ọn, pọ́n ọn, á sú yín."

Àmọ̀sù rẹ́rìn-ín. "Tẹ́ ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó parí." Ó fi àpò ìdọ̀họ rẹ̀ wé méjì tuntun, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ni Ṣùkúrátù kọ́kọ́ tà nínú páálí náà. Ìgbà tó ń to ìyókù sórí pẹpẹ ni ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa abala méjèèjì. Irin náà tutù. Ó gbé fóònù, ó pe Àmọ̀sù. Fóònù náà ń dún, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún un pè. Ó mọ ohun tó fà á, mímọ̀ yẹn ló sì mú kí itọ́ gbẹ lẹ́nu rẹ̀: bí ẹ̀rọ náà bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tó wà nídìí rẹ̀ kì í gbọ́ fóònù. A jẹ́ pé wọ́n ti di ọ̀bẹ náà mọ́ ọn. A jẹ́ pé ó ti ń yí.

Mùbárákù wọlé. Ìsọ̀ tirẹ̀ ló tẹ̀ lé ti Ṣùkúrátù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tirẹ̀ ni, bẹ́líìtì ẹ̀rọ àti pọ́ǹpù ló ń tà. Ọ̀rẹ́ bàbá Ṣùkúrátù ni nígbà tí bàbá náà wà láyé, bàbá yẹn ló sì fi ìsọ̀ náà sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

"Kí ló fọ́?"

Ṣùkúrátù na abala méjèèjì sí i. Mùbárákù gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Bóyá èyí nìkan ni," ó ní. "Bóyá ó ti sán látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é."

Bóyá lóòótọ́. Ṣùkúrátù fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó fa ọ̀bẹ tuntun mìíràn yọ nínú páálí, ó gbé e lọ sẹ́yìn ìsọ̀, sórí irin ńlá tí wọ́n fi máa ń na bóòtù tó bá wọ́. Ó mú òòlù. Ó lu ọ̀bẹ náà lẹ́ẹ̀kan, kò ṣe nǹkan kan, ọkàn rẹ̀ sì fẹ́ balẹ̀. Ó tún un lù, kò tilẹ̀ le tó ti àkọ́kọ́. Ọ̀bẹ náà là láti ẹnu ihò bóòtù dé etí kejì, abala kan fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ Mùbárákù, ó lọ bá páànù.

Mùbárákù fa aṣọ rẹ̀ mọ́ra.

Ṣùkúrátù gbé ti alágbẹ̀dẹ Koko síbẹ̀, ó lù ú. Ó tẹ̀ díẹ̀. Ó gbé tòkunbọ̀ síbẹ̀, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ lù ú, òòlù ta padà, ó dun ún dé ìgunpá. Àpá kékeré bí èékánná ọmọ ọwọ́ ló wà lára ọ̀bẹ náà, kò sí nǹkan mìíràn.

"Wọ́n ti rẹ tuntun yìí sínú omi jù nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́," Mùbárákù sọ, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ó le kọjá bó ṣe yẹ kí irin le."

Ṣùkúrátù ti ń wá ìborùn rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ọ̀nà Brobo."

"Jókòó ná, Ṣùkúrátù." Mùbárákù wo ẹnu ọ̀nà, ó sì rọra ń sọ̀rọ̀. "Tó o bá dé ibẹ̀ tí nǹkan kan ò tíì ṣe, o ti fọwọ́ ara rẹ ba ọjà rẹ jẹ́. Kò ní sẹ́ni tó máa ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ mọ́ ní gbogbo Bouaké. Tó bá sì ti ṣẹlẹ̀..."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Tó bá ti ṣẹlẹ̀, o fẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ bá àwọn ọlọ́pàá jándáàmù nìyẹn. Anago ni wọ́n ń pè wá, àwa Yorùbá. Ta ló máa dúró gbọ́ àlàyé Anago lójú ẹ̀jẹ̀?"

Ṣùkúrátù kò tíì ro ti ìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà wọ inú rẹ̀ lọ, ó sì di ẹ̀rù kejì lórí ti àkọ́kọ́. Ó di etí káńtà mú. Lẹ́yìn náà ló kó tòkunbọ̀ méjì tó bára mu sínú àpò, ó kó abala ọ̀bẹ tó dá lé e lórí.

"Ẹ bá mi wo ìsọ̀," ó ní. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan páálí yẹn."

Ó dá alùpùpù tó ń gbé èrò dúró lẹ́bàá ọjà. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń gùn ún ń sọ èdè Júlà, ó ní ọ̀nà Brobo jìnnà, oòrùn sì mú. Ṣùkúrátù ti gun ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán.

"Yára," ó ní.

"Tàǹtí, ṣé kò sí o?"

Ṣùkúrátù di àpò náà mọ́ àyà rẹ̀, àwọn irin inú rẹ̀ sì ń ta kan ara wọn bí alùpùpù náà ṣe ń bọ́ sínú kòtò tó sì ń jáde. Ó fi ọwọ́ kan tẹ fóònù mọ́ etí. Ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Láàárín ariwo ọ̀nà, ohùn ara rẹ̀ ló ń gbọ́: *Tuntun yìí ni. Ẹ wo ara rẹ̀, Bàbá Najeem.* Ó ti sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ irú ata tó yẹ kí wọ́n rà.

Ó mọ Sìlífátù, ìyàwó Àmọ̀sù. Àdúgbò Belleville ni wọ́n ń gbé, nínú ilé kan tí igi máńgòrò wà ní àgbàlá rẹ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ tó kẹ́yìn ní Koko, Sìlífátù jókòó tì í, ó ń fi ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ṣàwàdà, ó ní etí ọkùnrin náà ti di nítorí ẹ̀rọ, pé téèyàn bá sọ̀rọ̀ ìfẹ́ fún un, àfi kéèyàn pariwo kí àdúgbò gbọ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Báyìí, Ṣùkúrátù ń rí ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé náà, lábẹ́ igi máńgòrò, tí Sìlífátù ń nu ọwọ́ bọ̀ wá pàdé rẹ̀, tó ń kí i. Kí ló máa sọ? Ọ̀rọ̀ wo ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀? Ó gbìyànjú láti wá gbólóhùn kan, kò rí. Ó mi orí rẹ̀ kí àwòrán náà lè kúrò níbẹ̀. Kò kúrò.

Wọ́n ti jáde ní ìgboro nígbà tí fèrè kan ń ké bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ọ̀dọ́kùnrin náà yà sẹ́bàá ọ̀nà. Ọkọ̀ panápaná pupa kan sáré kọjá, eruku bo wọn lójú.

"Ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ níwájú," ọ̀dọ́kùnrin náà ní.

Ṣùkúrátù na ọrùn wo iwájú. Ọ̀nà Brobo ni ọkọ̀ náà gbà. Ibi tí òun náà ń lọ ni. Ó ń pe orúkọ Ọlọ́run, ó ń pè é lápètúnpè, kò sì mọ ohun tó ń tọrọ mọ́, nítorí ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tó fi di ẹ̀wù ọ̀dọ́kùnrin náà mú le débi pé ìyẹn ní kó rọra, kó má fa òun lulẹ̀.

Wọ́n yọ sí kọ́nà kan, wọ́n sì rí èrò. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ti dojú dé lẹ́bàá gọ́tà, iṣu fọ́n káàkiri títì. Ọkọ̀ panápaná náà dúró síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń fa ọkùnrin kan jáde láti ojú fèrèsé, ọkùnrin náà ń kérora.

"Alhamdulillahi," Ṣùkúrátù sọ.

Ọ̀dọ́kùnrin náà yí ojú padà wò ó. Ìgbà náà ni Ṣùkúrátù gbọ́ ohun tí òun fúnra òun sọ. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí wọ́n fi kọjá ibẹ̀.

Kí wọ́n tó dé ọgbà N'Goran ló ti ń tẹ́tí. Ẹ̀rọ arúngi kì í ṣe ohun tó ń ṣiṣẹ́ ní jẹ́jẹ́. Téèyàn bá ṣì wà ní ojú títì ló ti máa ń gbọ́ bó ṣe ń ké, bí ẹni pé igi náà ń jà. Ọ̀dọ́kùnrin náà pa alùpùpù rẹ̀ lẹ́nu géètì. Kò sí ìró kankan. Atẹ́gùn ń fẹ́ ewé kajú, òkìtì igi tí wọ́n ti rún ga lọ́tùn-ún lósì, òórùn igi tútù àti òróró jíjóná wà nínú afẹ́fẹ́. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹ̀rọ náà dá iṣẹ́ dúró. Nísinsìnyí tó dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà gan-an ni kò lè fara dà.

"Dúró dè mí," ó sọ fún ọ̀dọ́kùnrin náà.

Ó wọlé. Kò sẹ́ni tó wà lẹ́nu géètì. Bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dojú bolẹ̀ lórí igi wẹ́wẹ́, bí ẹni tó sá tí kò dúró mú un. Ṣùkúrátù rí i, kò fọwọ́ kàn án. Ó fọwọ́ ti àwọn àpò tí wọ́n tò lélẹ̀ bí ògiri, ó ń fẹsẹ̀ wọ́ lọ. Níwájú, lábẹ́ àtíbàbà páànù, ó rí ẹ̀rọ náà. Orí rẹ̀ ti ṣí sókè. Páànù ògiri tó dojú kọ ẹnu rẹ̀ ti lu, ihò náà gbòòrò bí àwo ọbẹ̀, etí rẹ̀ yọ sẹ́yìn, oòrùn sì ń gba ibẹ̀ wọlé.

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn. Ohùn tó ń bínú ni, Faransé ló ń sọ.

"Ọ̀bẹ tuntun ni mo ní kí o lọ rà! Tuntun! Ó dé ọwọ́ rẹ, ó fọ́ lọ́jọ́ kan náà. Báwo lo ṣe di bóòtù rẹ̀? Àbí o fi igi tó ní ìṣó sí i?"

Ṣùkúrátù yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò. N'Goran, ọkùnrin tó sanra nínú ẹ̀wù funfun, ló dúró. Àmọ̀sù jókòó lórí ìtì igi kan níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò ní bàtà. Ó wà láàyè. Orí rẹ̀ pé, apá rẹ̀ méjèèjì pé, igi wẹ́wẹ́ sì wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wà láàyè. Omi dà bo ojú Ṣùkúrátù, ó sì fi ìborùn dí ẹnu kí ohùn má bàa jáde.

"Ẹ má bínú, Músíọ̀," Àmọ̀sù sọ. Ó ń sọ̀rọ̀ sókè bí àwọn tí etí wọn ti di ṣe máa ń sọ̀rọ̀. "Ó lè jẹ́ pé mo di bóòtù náà jù. Ọwọ́ mi ni."

"Àbí ọjà burúkú ni wọ́n tà fún ọ?"

"Rárá o. Ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ta ọjà burúkú. Láti ayé bàbá rẹ̀ ni mo ti ń rà níbẹ̀. Èmi náà bi í dáadáa kí n tó mú un. Ọwọ́ mi ni, Músíọ̀. Ojú mi kì í ríran bíi tàtijọ́ mọ́."

"Ó dáa." N'Goran mí kanlẹ̀. Ó mú àpò tí Àmọ̀sù gbé kọ́ sára òpó, ó jù ú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Kó ẹrù rẹ. Màá wá ẹni tójú rẹ̀ ń ríran. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ yìí, a ó jọ sọ ọ́."

Àmọ̀sù kò jà. Ó nawọ́ sí àpò náà, ó gbé e lé itan, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ apá ibi tí géètì wà.

Kò sẹ́ni tó tíì rí Ṣùkúrátù. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin alùpùpù wà lẹ́nu géètì. Ẹ̀mí ọkùnrin náà ò lọ, ohun tó torí rẹ̀ wá nìyẹn, àbí òun kọ́? Ó lè padà báyìí. Ó lè kó páálí yẹn jù sínú kànga. Tó bá di ọ̀la, ó lè wá Àmọ̀sù lọ sí Belleville, kó bá a wá iṣẹ́ mìíràn, kó ṣe é ní oore láìsọ ìdí rẹ̀. Ohùn Mùbárákù ń sọ̀rọ̀ ní etí rẹ̀: *Anago ni wọ́n ń pè wá.* Ẹ̀rù tó wà lára rẹ̀ lórí alùpùpù ti kúrò, òmíràn ti dé sí ààyè rẹ̀, èyí kò sì jẹ́ kí àyà lù kìkì, ńṣe ló ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ó ń là á lóye, ó ń tọ́ka géètì hàn án.

Àmọ̀sù dìde. Ó ń wá bàtà rẹ̀ kejì.

"Ó wà níbí," Ṣùkúrátù sọ.

Àwọn méjèèjì yíjú. Ó ti jáde síta kó tó mọ̀. Ó padà síbi tó ti rí bàtà náà, ó mú un, ó gbé e wá síwájú Àmọ̀sù.

"Ìyá Ruqoyyah?" Àmọ̀sù ní. "Kí lẹ wá ṣe níbí?"

Ṣùkúrátù mọ̀ pé bó bá kọ́kọ́ ṣàlàyé ní Yorùbá, ó lè máà rí okun sọ ọ́ ní Faransé mọ́. Ó dojú kọ N'Goran.

"Músíọ̀, èmi ni mo ta ọ̀bẹ náà fún un. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀bẹ náà ni kò dára."

N'Goran wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ta ló ránṣẹ́ pè ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó pè mí."

"Ìwọ fúnra rẹ gbéra láti ọjà, o wá sọ pé ọjà rẹ ò dára?" Ó wo Àmọ̀sù, ó tún wo Ṣùkúrátù. "Ẹ̀yin Anago! Ẹ jọ ń gba ara yín sílẹ̀ ni?"

Ṣùkúrátù tú àpò rẹ̀. Ó kó àwọn abala ọ̀bẹ tó dá jáde, ó na ọ̀kan sí N'Goran.

"Inú páálí kan náà ni wọ́n ti wá. Èyí bọ́ lọ́wọ́ mi nílẹ̀ ìsọ̀, ó dá. Èyí, mo fi òòlù lù ú, òun náà dá. Ẹ gbá a mọ́ ara ẹ̀rọ yín, ẹ wò ó."

N'Goran gbà á. Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ dá a padà fún un, ṣùgbọ́n ó gbá a mọ́ férémù irin ẹ̀rọ náà. Igun rẹ̀ kan já bọ́ nílẹ̀. Ó mú un, ó gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, ó sì wò ó pẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbójú sókè, ó wo ihò ara páànù.

"Ó yẹ kí n pe àwọn jándáàmù," ó ní, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ lè pè wọ́n. Mi ò lọ síbì kankan."

N'Goran ṣì mú irin náà dání. Adìyẹ kan ń ké níbì kan nínú oko.

"O ti ta irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn?"

"Rárá. Tiyín ni àkọ́kọ́. Ìyókù wà nínú ìsọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní rà á."

N'Goran ju irin náà sílẹ̀. Kò sọ fún Àmọ̀sù pé kó máà bínú. Ó gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e padà kọ́ sára òpó, ó sì fọwọ́ tò ó kó lè gún.

"Ọ̀bẹ wo la máa wá fi ṣiṣẹ́ báyìí?" ó bi Ṣùkúrátù.

"Mo mú tòkunbọ̀ dání. Ẹ ò ní san nǹkan kan lórí rẹ̀."

N'Goran mi orí, ó rìn lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń fi áńkáṣífù nu ọrùn.

Ó ku àwọn méjèèjì lábẹ́ àtíbàbà. Àmọ̀sù bẹ̀rẹ̀ sí í fi sípánà tú bóòtù tó ṣẹ́kù, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìdọ̀tí àti àfọ́kù irin kúrò nínú ẹ̀rọ. Ṣùkúrátù ń na nǹkan sí i: àkísà, òróró, bóòtù. Nígbà tó gba tòkunbọ̀ àkọ́kọ́, ó fi èékánná àtàǹpàkò ra ẹnu rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

"Ó ti tín-ín-rín," ó ní.

"Ẹ ó máa pọ́n ọn lóòrèkóòrè. Ṣùgbọ́n kò ní dá." Ṣùkúrátù na bóòtù sí i. "Mo lù ú kí n tó mú un wá. Gbogbo agbára mi ni mo fi lù ú."

Àmọ̀sù kàn mi orí.

"Bàbá Najeem, ẹ foríjì mí."

"Ẹ̀yin náà ò mọ̀." Ó ń di bóòtù, kò gbójú sókè. Ó ní: "Obìnrin kan tó ń sin adìyẹ ló pè mí. Ó fẹ́ ra àpò méjì. Mi ò gbọ́, ó wá ju ẹ̀ka igi lù mí lẹ́yìn. Mo bínú. Mo yíjú, mo ń lọ bá a kí n bú u." Ó dá ọwọ́ dúró. "Ìgbà yẹn ni ọ̀bẹ fò."

"Obìnrin náà ńkọ́?"

"Ó ti sá lọ sílé. Èmi náà sá. Mi ò mọ̀ pé bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ mi."

Ṣùkúrátù wo ẹ̀rọ náà. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé nínú ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti mọ ọ̀bẹ rẹ̀, ó mọ gígùn rẹ̀, ó mọ bí ihò ṣe jìnnà síra, ó lè fọwọ́ lásán sọ ìwúwo rẹ̀. Kò tíì rí inú ẹ̀rọ kankan rí. Kò mọ̀ pé ọ̀bẹ náà máa ń dojú kọ èèyàn.

"Ibo lẹ máa ń dúró sí?" ó béèrè.

"Nígbà wo?"

"Tẹ́ ẹ bá ń ki igi bọ̀ ọ́."

Àmọ̀sù fi sípánà tọ́ka. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ẹ̀rọ ni, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ wọnú nítorí ẹsẹ̀ tó ń tẹ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùkúrátù lọ síbẹ̀, ó sì dúró sínú ipa ẹsẹ̀ náà. Ó tẹ́jú mọ́ inú ẹ̀rọ. Àwo irin ńlá tó ń yí wà níwájú rẹ̀ gan-an, ọ̀bẹ ara rẹ̀ sì wà ní déédéé àyà rẹ̀. Tó bá na ọwọ́, á kàn án. Ó yíjú wẹ̀yìn. Ihò ara páànù wà ní déédéé orí rẹ̀, ó rí ojú ọ̀run àti ewé kajú nínú rẹ̀. Láàárín ọ̀bẹ yẹn àti ihò yìí, òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Ó ń gbìyànjú láti rántí ohun tó wò lára ọ̀bẹ tuntun náà nígbà tó ń yìn ín. Dídán rẹ̀ ni. Ihò rẹ̀ ni. Owó rẹ̀ ni. Ẹ̀yìn káńtà ló ti ń wò ó, gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń wò ó láti ibẹ̀, níbi tí ọ̀bẹ kì í ti í yí, tó sì máa ń dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ lórí bébà.

Kò sí iná nínú ẹ̀rọ náà. Kò sí epo tó ń jó, ohunkóhun ò yí, Àmọ̀sù sì ṣì di sípánà mú. Síbẹ̀ òógùn bo Ṣùkúrátù lábẹ́ ìborùn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kó dúró síbẹ̀ títí Àmọ̀sù á fi di bóòtù tó kẹ́yìn, ó kéré tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó ń rọra fà sẹ́yìn láìjẹ́ pé ó ní kó fà, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan òpó.

Àmọ̀sù rí i. Kò rẹ́rìn-ín. Ó pa orí ẹ̀rọ náà dé, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà, ó wọ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, ó wọ ti òsì.

"Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i, Ìyá Ruqoyyah," ó ní. "Mo fẹ́ tan án."

Lẹ́yìn náà ló bọ́ síbi tí Ṣùkúrátù ti kúrò, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì sínú ipa wọn.